Ọdún Tí Bàbá Mi Fẹ́ Kó Wa Gba Inú Aṣálẹ̀

Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rìndínlógún ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Sábó lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bí ìyá mi bá ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ bọ̀ láti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, á kọ́kọ́ dúró, á wo àwọn kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ, á mí kanlẹ̀, kó tó wá máa fẹsẹ̀ wá ọ̀nà láàárín wọn. Bàbá mi ló kó wọn jọ. Ó ní omi aṣálẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ fi jíìpù kó gbogbo wa láti Ṣàgámù lọ sí Àgádẹ́sì, ìlú kan lẹ́nu aṣálẹ̀ ní ìkọjá Kánò, kó sì tún ti ibẹ̀ gba ojú yanrìn lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, níbi tí kò ti sí títì, tí kò sí ilé epo, tí kò sí ẹni tí èèyàn lè bi léèrè ọ̀nà. Gbogbo wa yìí ni òun fúnra rẹ̀, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi Múlíkà, èmi Sàfúrátù tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti ìyá tó bí òun bàbá mi, Ìyá Àgbà, tí orókùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láìsinmi.

Ilé obì ni ilé wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ìró obì gbànja tí wọ́n ń dà sórí ẹní, ó máa ń dún bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ sórí páànù ilé tó jìnnà díẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì á jókòó yí i ká, wọ́n á yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n á fi ewé tútù di èyí tó dára sínú apẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ lójú ọ̀nà Òkè Ọya. Èmi àti Múlíkà la máa ń nu ewé náà kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Ìyá Àgbà á wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ṣa obì kankan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. "Yí ìdí rẹ̀ wò kí o tó sọ ọ́ síbẹ̀," ni ó máa ń wí. Obì ló bí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ọkọ̀ obì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bùràímọ̀, bá lọ sí Òkè Ọya kí wọ́n tó bí mi, tí kò sì padà wá mọ́. Ó fẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún, ó ń gbin àlùbọ́sà àti igi dàbínù ní abúlé kan láàárín òkúta àti yanrìn, ní ìkọjá Àgádẹ́sì. Tẹlifóònù kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, Màlám Gàmbo, Haúsá tó ń ra obì lọ́wọ́ bàbá mi, tí ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́rin sí tiwa lọ, á mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá tó ti gba ọwọ́ awakọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kọjá. A ó jókòó ti rẹ́díò, a ó máa gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí èmi kò rí rí, tó ń bi wá bóyá obì so dáadáa. Ní ìparí, ó máa ń sọ pé, "Ẹ bá mi kí Ìyá." Ìyá Àgbà kì í gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Ó máa ń dìde kí kásẹ́ẹ̀tì tó débẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

Ọdún tí mò ń wí yìí, àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó gbádùn, tó lè jókòó mu ògì, ó sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fojú kan Bùràímọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún kó má dìde. Ìyá mi sọ pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí i kó wá. Bàbá mi ní kò ní wá láé, pé bàbá àwọn tó ti kú ló lé e nílé nígbà tí òun ṣì wà ní ilé kéú ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Ó ní àwa la máa lọ bá a. Ìyá mi ní kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì nígbà náà. Bàbá mi ní bọ́ọ̀sì kì í kọjá Àgádẹ́sì, pé orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn èèyàn ń jókòó sí láti ibẹ̀ lọ, ṣé ibẹ̀ ni ìyá òun máa jókòó sí? Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, jíìpù kan ti wà lábẹ́ igi máńgòrò wa, ó ga, ó ti ṣá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé ṣí láti inú.

Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun alásárì, bàbá mi á pè wá sí pálọ̀, á tẹ́ àwòrán ilẹ̀ tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ yà sórí páálí láti inú ìwé ilé-ìwé Múlíkà. Ó fi bírò pupa fa ìlà láti Ṣàgámù dé Kánò, láti Kánò dé Síńdà, títí dé Àgádẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà di tótòtó, nítorí kò sí ohun kankan nínú ìwé náà níbẹ̀ àfi àwọ̀ ìyeyè. Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo ti jókòó nínú onírúurú ìpàdé níbi iṣẹ́, n kò tíì rí èyí tó sú mi tó ti pálọ̀ wa. Wákàtí kan gbáko la fi jiyàn lórí ibi tí oníkálùkù máa jókòó sí. Wákàtí kan mìíràn la lò lórí bóyá a ó gbé sítóòfù kan tàbí méjì.

"Ìyá Múlíkà, jókòó ká bẹ̀rẹ̀," bàbá mi á wí.

"Ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́," ìyá mi á dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀wà mi wà lórí iná."

"Ṣé o ní ìbéèrè?"

"Ìbéèrè tí mo bi yín lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni. Níbo la ó ti máa tọ̀?"

Bàbá mi á wo páálí náà bí ẹni pé ó yẹ kí ibẹ̀ wà níbẹ̀. "Gbogbo ilẹ̀ náà ni."

"Kò sí igi, kò sí igbó, ẹ ní gbogbo ilẹ̀ náà ni. Níwájú ìyá yín?"

Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, á máa wo ìlà pupa náà. Bí wọ́n bá bi í bóyá ìrìn náà kò ní pọ̀ jù fún un, á ní, "Ẹ ṣáà gbé mi dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń fún bàbá mi lágbára láti pe ìpàdé mìíràn.

Táyà méjì tí a fẹ́ mú dání wà nínú yàrá èmi àti Múlíkà, nítorí bàbá mi ní wọ́n á jí i bó bá wà níta. Òórùn rọ́bà wọ inú aṣọ ilé-ìwé wa. Olùkọ́ mi béèrè bóyá bàbá mi ń ṣe fókánáísà. Ìyà yìí ṣì kéré sí ti omi. Ní oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀, bàbá mi ní ó tó àkókò kí ara wa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé aṣálẹ̀ là ń lọ. Ife omi mẹ́rin péré ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu, fún ìwẹ̀, fún àlùwàlá. Kànga wa kún débi pé èèyàn lè fọwọ́ bu omi inú rẹ̀. Omi ń ya láti orí páànù, ó ń gba àárín àgbàlá lọ sí gọ́tà, àwa sì dúró lórí ìlà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ìyá mi fara dà á fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí òjò ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, ó to agbada àti bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó bọ́ aṣọ lára èmi àti Múlíkà, ó fi kànìnkànìn bó wa láti orí dé ẹsẹ̀ lójú bàbá mi tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Múlíkà, kí là ń ṣe báyìí?"

"Òjò rọ̀ ní aṣálẹ̀ lónìí," ìyá mi wí, ó sì da bàsíà omi kan sí mi lórí.

Bàbá mi pe Màlám Gàmbo wá wo jíìpù. Màlám Gàmbo ti gbé ní Sábó pẹ́ débi pé Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká ju ti àwọn ọmọ mi lónìí lọ. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. "Àlàájì, ta ló máa wà á?" Bàbá mi ní òun ni. "Ṣé ẹ ti wakọ̀ nínú yanrìn rí?" Bàbá mi ní ọkọ̀ ṣáà ni ọkọ̀. Màlám Gàmbo jókòó, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àwọn tó ń wakọ̀ lọ́hùn-ún kì í wo àwòrán ilẹ̀, pé àwọ̀ yanrìn ni wọ́n ń wò, pé wọ́n á kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, pé ọkọ̀ kan kì í dá lọ, nítorí bó bá kú síbẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà lè kú síbẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó àwọn ọmọ yìí lọ." Nínú gbogbo ohun tó sọ, ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi gbọ́: pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ nínú yanrìn.

Báyìí ló ṣe di pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a di gbogbo ẹrù sínú jíìpù, a gba ọ̀nà Ìpara lọ sí ibi kan tí àwọn onítípà ti ń wa yanrìn. Bàbá mi ní bí a kò bá gbé gbogbo ẹrù dání, a kò ní mọ bí ọkọ̀ ṣe máa rí. Gbogbo ẹrù ní Ìyá Àgbà nínú. Òun ló wà níwájú, àpò rẹ̀ lórí itan. Ìyá mi, Múlíkà àti èmi wà lẹ́yìn láàárín kẹ́ẹ̀gì, sítóòfù kan ń gún mi ní ìhà. Ìyá mi ti jí rin ewùrà ṣe ebìrìpò, ó dì í sínú ewé, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Sábó títí a fi débẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń wò wá. Ọ̀kan béèrè bóyá à ń kó kúrò nílùú ni.

Jíìpù náà wọ inú yanrìn bí ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀, ó sì dúró. Bàbá mi tẹ iná mọ́ ọn. Táyà ẹ̀yìn ń yí, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń rì, títí ikùn ọkọ̀ fi jókòó sórí yanrìn. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní ohun tí òun ń retí gan-an nìyẹn, ó ní kí Múlíkà mú ṣọ́bìrì wá. Kò sí ṣọ́bìrì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò láàárọ̀ kí àyè lè gba táyà kejì. Nítorí náà a fi abọ́ oúnjẹ wa yanrìn, a fi ìdérí ìkòkò wà á, èmi àti Múlíkà fi ọwọ́ wà á. Bí a bá ti wà á tán, bàbá mi á ki pátákó bọ abẹ́ táyà, á wọlé, á tẹ iná, táyà á ta pátákó sẹ́yìn, ọkọ̀ á tún rì sí i. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Oòrùn ti dé àárín orí. Omi inú rẹ́díétọ̀ hó, a sì da omi aṣálẹ̀ kẹ́ẹ̀gì méjì sí i. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, a sì mú un lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kan.

"Ìyá, ẹ má bínú," bàbá mi wí. Òógùn ti fi yanrìn lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. "Yanrìn Rẹ́mọ ló rọ̀ báyìí. Ti ọ̀hún kò ní rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi gbé ìdérí ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. "Bàbá Múlíkà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé à ń bọ̀?"

Bàbá mi ń wo táyà.

"Oṣù márùn-ún rèé. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ láàárín rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ obì, ẹ sọ̀rọ̀ òjò. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti bi í bóyá ó lè wá?"

"Mo ti sọ fún ọ pé kò ní wá. Bàbá wa lé e."

"Bàbá yín kọ́," Ìyá Àgbà wí lábẹ́ ọ̀pẹ.

Gbogbo wa yíjú sí i. Ó ń fi ọwọ́ gbọn yanrìn kúrò létí ìró rẹ̀, kò wo ẹnì kankan. Ojúlówó Rẹ́mọ ni Ìyá Àgbà ń sọ, n kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí. "Èmi ni mo lé e. Nígbà tó ṣì ń bá ọkọ̀ obì lọ bọ̀, ó wá sọ fún mi pé òun ti rí ọmọbìnrin kan lọ́hùn-ún tí òun fẹ́ fẹ́. Mo ní bó bá fẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Bàbá yín bẹ̀ mí títí, n kò gbọ́. Nígbà tí inú mi wá rọ̀, ojú ń tì mí. Ọdún kan di méjì. Bàbá yín ní kí àwọn èèyàn máa sọ pé òun ni, kó má baà dà bíi pé ìyá ló kọ ọmọ."

Bàbá mi lọ dúró níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ra jíìpù?"

"Mo rò pé bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," Ìyá Àgbà wí, "kò ní jẹ́ pé èmi ni mo pè é. A ó ṣáà ti wà níbẹ̀ ni."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, ó tú ewé ebìrìpò kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bínú. Ní ọjọ́ orí mi lónìí, mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà yìí, inú á sì tún bí mi bí ẹni pé àná ni. Ó tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn kí wọ́n gbé òun àti orókùn rẹ̀ la yanrìn ọjọ́ méjì kọjá, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa fi ife omi kan wẹ̀, ju kó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ méjì lọ. Bàbá mi náà kò sì yàtọ̀. Ó rọrùn fún un láti ra ọkọ̀ ju kó béèrè ìbéèrè lọ. Nígbà tí onítípà kan fi ṣéènì fà wá jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó béèrè ohun tí a wá ṣe níbẹ̀, bàbá mi kàn ka owó fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ní kí n gbé rẹ́díò wá sínú yàrá òun, kí n ti ilẹ̀kùn. Kò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo fọwọ́ sọ fún un pé ó ti ń yí. Ó sún mọ́ rẹ́díò náà bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọmọdé létí. Ó ní, "Bùràímọ̀, èmi ni. Máa bọ̀. Mú ìyàwó rẹ dání." Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ, ó ń gba ìró obì tí wọ́n ń dà lóde, ó ń gba ohùn ewúrẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó bi mí pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Mo ní ó ti wọlé. Ó ní kí n pa á.

Màlám Gàmbo fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán awakọ̀ kan lọ́sẹ̀ náà. Bàbá mi ní a kò ní tú ẹrù wa, pé bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá dé kí ọyẹ́ tó mú, a ó gbéra. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó pe àwọn obìnrin tó ń ṣa obì, ó pín kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlógún náà fún wọn, ó ní kí wọ́n fi pọnmi. Ó yí táyà méjèèjì láti yàrá wa lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá mi wò ó, ó sì jẹun alẹ́ rẹ̀. Ìpàdé ọjọ́ Àìkú kò wáyé mọ́, ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá ti mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, ó máa ń sọ pé à bá dé ibẹ̀.

Òjò ti dá, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́, nígbà tí ọkùnrin gíga kan tó wé láwàní dúró níwájú ilé wa lọ́sàn-án. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláró dúdú dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò méjì. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Mo mọ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀, nítorí bó ṣe ń kí mi nínú kásẹ́ẹ̀tì ló ṣe kí mi. Bàbá mi sáré jáde láìwọ bàtà, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́ pé kó wọlé. Ọkùnrin náà kò rìn. Ó dúró sí ìta, ó ku ẹsẹ̀ kan kó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé."

"Mo máa dúró síbí ná," ó wí. "Ṣé Ìyá wà nílé?"

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi jáde wá kúnlẹ̀ kí i, òun náà bẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì dá ọwọ́ dúró. Ó ṣáà dúró nínú oòrùn, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà tó yá, a gbọ́ ọ̀pá Ìyá Àgbà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Gbogbo wa ń dúró de ohun tó máa sọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìta, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá obìnrin náà, ó fi Haúsá kí i pé, "Sànnú," ó sì gbá a lọ́wọ́ mú. Ó fà á, àwọn méjèèjì jọ rọra ń rìn bọ̀, wọ́n jọ wọ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé inú, Ìyá Àgbà bojú wẹ̀yìn.

"Ìwọ Àjàní," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, "ṣé kí n wá gbé ìwọ náà ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé.